Ole Kirk Christiansen (1891–1958): Káfíńtà tí Ó Fi Bíríkì Ìṣeré Lé Ọmọdé Lọ́wọ́

Ìfáárà

Bí ọmọdé bá jókòó ti òkìtì bíríkì ike kéékèèké, kì í pẹ́ tí nǹkan fi ń yọjú láti ọwọ́ rẹ̀. Ilé ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ kọ́, nítorí ilé ni bíríkì wà fún. Ṣùgbọ́n tí àwọn àgbà bá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú èrò ọkàn rẹ̀, ẹ̀dá tí ojú kò rí rí ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tò: dírágónì tí ó na ìyẹ́ apá gbọọrọ, ẹṣin abìyẹ́, ejò òkun tí ọrùn rẹ̀ gùn bí igi àgbọn. Àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí kò sí nínú igbó kankan. Inú ìtàn ni wọ́n ń gbé. Bíríkì ni ó fún wọn ní ara tí ọwọ́ lè dì mú.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó mọ bíríkì yìí, tí ó sì mọ orúkọ LEGO tí wọ́n kọ sórí kókó rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ó mọ ìtàn ọkùnrin tí ilé-iṣẹ́ náà ti ọwọ́ rẹ̀ jáde kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, kì í ṣe ọmọ olówó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe olùkọ́. Káfíńtà abúlé ni. Iná jó o, gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ikú mú aya rẹ̀ lọ ní ọdún tí nǹkan le jù lọ fún un, ogun sì bá a lẹ́nu iṣẹ́. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó sì fi hàn bí ohun tí ó fi sílẹ̀ ṣe di èyí tí tọmọdé tàgbà fi ń mọ àwọn abàmì ẹ̀dá inú ìtàn.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́

Ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1891 ni wọ́n bí Ole Kirk Christiansen ní ìgbèríko kan nítòsí Filskov, ní ilẹ̀ Jutland ní orílẹ̀-èdè Dẹ́nmárkì. Ilẹ̀ oníyanrìn tí kò lọ́ràá ni ilẹ̀ agbègbè náà nígbà náà. Ẹni tí ó bá ń dáko níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lágbára, síbẹ̀ ohun tí yóò rí kó wálé kì í pọ̀. Ìdílé tálákà ni wọ́n bí i sí, àwọn ọmọ sì pọ̀ nínú ilé náà. Nítorí náà, bí ó ti rí fún àwọn ọmọ tálákà ìgbà náà, iṣẹ́ kò jìnnà sí ìgbà èwe rẹ̀.

Nígbà tí ó tó ọmọ ọdún 14, ó wọ ẹnu iṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń mọ igi tí ó gbẹ yàtọ̀ sí èyí tí ó tutù, bí a ṣe ń so pákó pọ̀ tí kì í fi í yẹ̀, àti bí ojú káfíńtà ṣe gbọ́dọ̀ máa rí àléébù tí ojú oníbàárà kò lè rí. Ẹ̀kọ́ ìkẹyìn yìí ni yóò bá a dé ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó gba òmìnira iṣẹ́, ó rin ìrìn àjò lọ sí Jámánì àti Nọ́rwèy láti ṣiṣẹ́ fún àwọn ọ̀gá mìíràn. Àṣà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Yúróòpù ìgbà náà ni èyí: ọ̀dọ́ tí ó ti kọ́ṣẹ́ tán yóò jáde lọ wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Nọ́rwèy ni ó ti pàdé ọmọbìnrin tí ń jẹ́ Hansine Kristine Sørensen. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1916. Ọdún náà gan-an ni Ole Kirk ra ilé-iṣẹ́ igi kékeré kan ní abúlé Billund, ó sì di ọ̀gá ara rẹ̀. Billund nígbà náà kì í ṣe ibi tí ẹni tí ń wá owó máa ń sáré lọ. Abúlé kékeré ni láàrin pápá, àwọn oníbàárà tí káfíńtà lè retí níbẹ̀ kò sì ju àwọn àgbẹ̀ àyíká lọ.

Ilé Tí Ó Jó, Ilé Tí Ó Tún Dìde

Iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ ṣe ní Billund kì í ṣe ti ohun ìṣeré rárá. Ó ń ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ó ń kan kọ́bọ́ọ̀dù àti pósí, ó sì ń bá àwọn àgbẹ̀ kọ́ ilé. Ṣọ́ọ̀ṣì Skjoldbjerg tí ó wà nítòsí Billund wà lára àwọn iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920. Onígbàgbọ́ tí ó dúró gbọn-in ni òun fúnra rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tí ó tẹ̀lé ẹgbẹ́ ìsọjí ilẹ̀ Dẹ́nmárkì tí wọ́n ń pè ní Indre Mission. Àdúrà òwúrọ̀ kì í yẹ̀ nínú ìgbésí ayé rẹ̀, ó sì gbà pé bí iṣẹ́ ọwọ́ bá jẹ́ iṣẹ́ òtítọ́, ìsìn ni.

Ọlọ́run fi ọmọkùnrin mẹ́rin ta òun àti Hansine lọ́rẹ: Johannes, Karl Georg, Godtfred àti Gerhardt. Ní ọdún 1924, méjì nínú àwọn ọmọ yìí, Karl Georg àti Godtfred, tí ọ̀kankan wọn kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ń ṣeré nínú ilé-iṣẹ́ bàbá wọn. Iná tí wọ́n dá ràn mọ́ èérún pákó tí ó wà nílẹ̀. Kí àwọn àgbà tó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, iná ti gba ilé-iṣẹ́, ó sì gba ilé tí ẹbí náà ń gbé pẹ̀lú.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ni àwọn Yorùbá máa ń wí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí fún káfíńtà yìí, ṣùgbọ́n gbèsè ni ó fi ra ẹwà náà. Ó pe ayàwòrán ilé, ó sì kọ́ ilé tí ó tóbi ju bí agbára rẹ̀ ti mọ lọ, èyí tí ilé-iṣẹ́ titun wà lẹ́yìn rẹ̀. Ère kìnnìún méjì ni ó wà níwájú ilé náà, ìdí nìyí tí àwọn ará Billund fi ń pè é ní Ilé Kìnnìún títí di òní. Kò sí kìnnìún ní igbó Dẹ́nmárkì. Ẹranko tí ó wá láti inú ìtàn ni káfíńtà náà fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí ó tó di pé ó ro ohun ìṣeré kan rí.

Ọ̀dá Owó àti Ìbẹ̀rẹ̀ Ohun Ìṣeré

Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1929, ọwọ́ ìyà náà dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ Jutland. Iye tí wọ́n ń ta bọ́tà àti ẹran wọn já wálẹ̀, wọn kò sì lè kọ́ ilé mọ́. Bí àgbẹ̀ kò bá kọ́lé, kí ni káfíńtà yóò jẹ? Ole Kirk dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi ku díẹ̀. Ní ọdún 1932, nígbà tí nǹkan ti le dójú ẹ̀, Hansine kú. Ó fi ọmọkùnrin mẹ́rin sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Àbíkẹ́yìn wọn kò ju ọmọ ọdún bíi mẹ́fà lọ.

Ọdún ìbànújẹ́ yìí ni ó yí iṣẹ́ rẹ̀ padà. Nítorí pé kò sí ilé tí yóò kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èkù igi ṣe àwọn ohun kéékèèké tí àwọn ènìyàn ṣì lè rà: àkàbà, àpótí ìjókòó, pákó tí wọ́n fi ń lọ aṣọ. Ó fi ohun ìṣeré onígi kún un: ọkọ̀, ẹranko, àti yó-yò. Láàrin gbogbo ọjà wọ̀nyí, ohun ìṣeré ni ọkàn rẹ̀ fà sí jù. Godtfred, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 12, bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́.

Ọjà náà kò tètè mówó wọlé. Oníṣòwò kan tí ó gba ọjà púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ wọ gbèsè, kò sì lè san owó. Àwọn ìgbà kan wà tí ó jẹ́ pé oúnjẹ ni àwọn oníbàárà fi ń dí ohun ìṣeré. Nígbà tí ó di dandan kí ó yá owó, ó tọ àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ lọ kí wọ́n lè ṣe onídùúró fún un láti yá 3,000 kroner. Wọ́n gbà láti dúró fún un, ṣùgbọ́n wọ́n bi í bóyá kò lè rí iṣẹ́ mìíràn tí ó wúlò ju ohun ìṣeré lọ láti máa ṣe. Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni fi sọ́kàn. Lójú àwọn ẹbí rẹ̀, eré kì í ṣe ohun tí àgbàlagbà ọkùnrin tí ó ní ọmọ mẹ́rin láti bọ́ lè fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe. Kò bá wọn jiyàn. Ó padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọgbọ́n rẹ̀ fara hàn nínú ọ̀rọ̀ yó-yò. Yó-yò di ohun tí gbogbo ọmọ Dẹ́nmárkì ń béèrè, káfíńtà náà sì ṣe é ní yanturu. Nígbà tó yá, ìfẹ́ àwọn ọmọ kúrò lórí rẹ̀ lójijì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ yó-yò sì kù sílẹ̀ láìtà. Kò dáná sun wọ́n. Ó là wọ́n sí méjì méjì, ó sì fi ìlàjì kọ̀ọ̀kan ṣe táyà ọkọ̀ onígi. Lọ́nà yìí, ohun tí ó kùtà di ẹsẹ̀ fún ohun tí ó ń tà.

Ní ọdún 1934, ó fẹ́ ìyàwó mìíràn, Sofie, tí ó bá a tọ́ àwọn ọmọ náà, tí ó sì bí ọmọbìnrin kan fún un.

Orúkọ àti Ìwà

Láàrin àwọn ọdún 1930 ni ilé-iṣẹ́ náà gba orúkọ. Ole Kirk pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n dá orúkọ lábàá, ó sì fi ìgò wáìnì tí ó pọn fúnra rẹ̀ ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tí àbá rẹ̀ bá dára jù. Àbá tirẹ̀ ni ó borí, ìgò náà kò sì jáde nílé. Ó mú ọ̀rọ̀ èdè Dẹ́nmárkì méjì, leg àti godt, tí ìtumọ̀ wọn jẹ́ láti ṣeré dáadáa, ó gé wọn kúrú, ó sì so wọ́n pọ̀ di LEGO. Ìpajẹ irú èyí kò ṣàjèjì sí àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá: ọ̀rọ̀ méjì pàdé, ìró kan jẹ, orúkọ titun jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kan náà wà nínú èdè Látìn, tí ó sì lè túmọ̀ sí pé ènìyàn ń kó nǹkan jọ. Nígbà tí wọ́n fún ilé-iṣẹ́ náà lórúkọ, kò sí bíríkì kankan níbẹ̀.

Ìtàn pẹ́pẹ́yẹ onígi ni ó fi ìwà ọkùnrin yìí hàn jù lọ. Pẹ́pẹ́yẹ tí ọmọdé lè fi okùn fà kiri jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọjà tí ilé-iṣẹ́ náà fi gbajúmọ̀. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n máa ń fi fáníìṣì kun ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kan, Godtfred, tí ó ti di ọ̀dọ́langba, kun àwọn pẹ́pẹ́yẹ kan ní ìgbà méjì péré, ó kó wọn lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, ó sì padà wá ròyìn fún bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀ pé òun ti bá ilé-iṣẹ́ dín owó kù. Bàbá náà kò yìn ín. Ó ní kí ó padà lọ kó àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà wá, kí ó tú wọn sílẹ̀, kí ó kùn wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, kí ó tún wọn dì, kí ó sì dá wọn padà sí ibùdókọ̀, bí iṣẹ́ náà bá tilẹ̀ gbà á ní gbogbo òru. Ọmọ náà dá a ṣe. Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi gbẹ́ ìlànà bàbá rẹ̀ sára pákó, tí ó sì gbé e kọ́ sí ara ògiri ilé-iṣẹ́: pé ohun tí ó dára jù lọ pàápàá kò tíì dára jù.

Ogun àti Iná Kejì

Ní oṣù kẹrin ọdún 1940, àwọn ọmọ ogun Jámánì gba Dẹ́nmárkì, wọn kò sì kúrò níbẹ̀ títí di oṣù karùn-ún ọdún 1945. Irin àti rọ́bà di ọ̀wọ́n, àwọn tí ń fi wọ́n ṣe ohun ìṣeré kò sì rí wọn lò mọ́. Nítorí èyí, ọjà ohun ìṣeré onígi gbòòrò sí i. Àmọ́ bí ilé-iṣẹ́ Billund ti ń gbérí bọ̀ ni iná tún dé. Ní oṣù kẹta ọdún 1942, gbogbo ilé-iṣẹ́ náà jó, àwòrán àti àpẹẹrẹ àwọn ohun ìṣeré tí wọ́n ti ń kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́ sì jó pẹ̀lú rẹ̀.

Ole Kirk ti lé ní ẹni 50 ọdún nígbà náà. Iná kejì yìí dun ún wọra ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tí ó gbé e dìde ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé bí ó bá kó iṣẹ́ kúrò ní Billund, tàbí tí ó bá jáwọ́ pátápátá, kò sí ibi tí wọn yóò ti rí oúnjẹ. Ó tún ilé-iṣẹ́ náà kọ́ sí ojú ibi tí ó wà. Ní ọdún 1944, ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ tí ẹbí jùmọ̀ ni.

Ike Dípò Igi

Ogun ti parí tán nígbà tí Ole Kirk rí ẹ̀rọ kan tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Ẹ̀rọ náà ń yọ́ ike, ó sì ń fi agbára tì í sínú irin oníhò tí wọ́n ti gbẹ́ àwòrán ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí. Bí ike náà bá tutù, ohun ìṣeré ti jáde. Iye owó ẹ̀rọ náà tó 30,000 kroner. Owó ńlá ni èyí jẹ́ fún ilé-iṣẹ́ tí kò tíì pẹ́ tí ó bọ́ lọ́wọ́ iná àti ogun, àmọ́ ó rà á. Òun ni ó kọ́kọ́ lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láàrin àwọn tí ń ṣe ohun ìṣeré ní Dẹ́nmárkì. Ẹni tí ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ mọ igi ni ó kọ́kọ́ gbà pé igi kò ní jẹ́ òpin ọ̀rọ̀. Èyí kì í ṣe ohun kékeré fún oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó ti ń sún mọ́ ẹni 60 ọdún.

Òtítọ́ kan wà níhìn-ín tí ìtàn kò gbọdọ̀ fò dá. Kì í ṣe Ole Kirk ni ó kọ́kọ́ ronú bíríkì ike tí ó ní kókó lórí. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Hilary Page, tí wọ́n bí ní ọdún 1904, ni ó ṣe é sáájú fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ Kiddicraft, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àpẹẹrẹ bíríkì Page tẹ Ole Kirk àti Godtfred lọ́wọ́ ní nǹkan bí àkókò tí wọ́n ra ẹ̀rọ náà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n yí ìwọ̀n rẹ̀ padà díẹ̀, wọ́n jẹ́ kí igun rẹ̀ mú, wọ́n tẹ́ orí kókó rẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n sì gbé tiwọn jáde ní Dẹ́nmárkì ní ọdún 1949 lábẹ́ orúkọ Automatic Binding Bricks. Page kú ní ọdún 1957 láìjẹ èrè òkìkí tí bíríkì náà padà ní. Ọdún 1981 ni ilé-iṣẹ́ LEGO tó ra ẹ̀tọ́ tí ó kù lórí bíríkì Kiddicraft. Iyì káfíńtà Billund kò dín kù nítorí òtítọ́ yìí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́, nítorí ẹni tí ó gba iná lọ́wọ́ aládùúgbò kò lè sọ pé òun ni òun kọ́kọ́ dá a.

Bíríkì àkọ́kọ́ yìí kò tà. Àwọn olùtajà gbà pé igi ni ohun ìṣeré gidi, wọ́n sì dá ọ̀pọ̀ bíríkì náà padà. Àléébù tún wà lára rẹ̀. Inú rẹ̀ ṣófo, kò sí ohun tí ó di kókó bíríkì ìsàlẹ̀ mú dáadáa. Bí ọmọ bá kọ́ ilé tí ó ga díẹ̀ tí ó sì fọwọ́ kàn án, yóò wó. Ní ọdún 1953, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí LEGO Mursten, ìyẹn bíríkì LEGO ní èdè Dẹ́nmárkì, àmọ́ àléébù náà ṣì wà níbẹ̀.

Ara Ole Kirk kò le mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá nígbà tí àwọn ọdún 1950 fi wọlé, Godtfred sì ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ ẹrù iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1954, nígbà ìrìn àjò kan sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Godtfred bá ọkùnrin kan tí ń ra ohun ìṣeré fún ilé ìtajà ńlá kan ní Copenhagen sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ṣàròyé pé kò sí ètò kankan nínú òwò ohun ìṣeré: ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró, kò sí èyí tí ó bá èkejì lọ. Ọ̀rọ̀ náà wọ Godtfred lọ́kàn. Ó wo gbogbo ọjà bàbá rẹ̀ láti orí pẹ́pẹ́yẹ dé orí ọkọ̀, ó sì rí i pé bíríkì nìkan ni ó lè gba ètò. Ní ọdún 1955, wọ́n gbé ètò ìṣeré LEGO jáde, nínú èyí tí ohun tí ọmọ rà lónìí yóò bá èyí tí yóò rà lọ́dún tí ń bọ̀ mu.

Oṣù Méjì Ìkẹyìn

Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kìn-ín-ní ọdún 1958, ilé-iṣẹ́ náà béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ ní Copenhagen lórí ọ̀nà titun kan. Wọ́n ti fi páìpù kéékèèké sí inú bíríkì tí ó ṣófo tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ bíríkì kan mọ́ òmíràn, kókó ti ìsàlẹ̀ yóò há sáàárín páìpù àti ògiri ti òkè, wọn yóò sì di ara wọn mú títí ọwọ́ yóò fi fà wọ́n ya. Bíríkì tí wọ́n ṣe lọ́dún náà ṣì lè wọ èyí tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe lónìí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún 1958, àìsàn ọkàn pa Ole Kirk Christiansen ní ẹni ọdún 66. Bíríkì náà ti pé, ṣùgbọ́n kò dúró wo ibi tí yóò dé. Godtfred gba ipò rẹ̀. Ní ọdún 1960, iná jó ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣeré onígi sí, wọ́n sì fi òpin sí iṣẹ́ igi pátápátá. Káfíńtà náà ti lọ, igi náà sì tẹ̀lé e.

Láti Bíríkì dé Dírágónì

Ó yẹ kí wọ́n béèrè ohun tí ó mú kí bíríkì tí wọ́n ṣe fún ilé kíkọ́ lè di abàmì ẹ̀dá. Ìdáhùn náà wà nínú páìpù ọdún 1958. Ilé máa ń dúró ṣánṣán lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀, ìwúwo òkè sì ń tẹ ti ìsàlẹ̀. Dírágónì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọrùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ síwájú láìsí òpó lábẹ́ rẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ nà sí ẹ̀gbẹ́, ìrù rẹ̀ gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ tò ó yóò máa sún bíríkì kọ̀ọ̀kan síwájú díẹ̀ lórí èyí tí ó wà nísàlẹ̀, bí àtẹ̀gùn tí ó dorí kodò. Bíríkì ọdún 1949 tí inú rẹ̀ ṣófo kò lè ṣe èyí kí ó má wó. Èyí tí ó ní páìpù nínú lè ṣe é, nítorí ó ń di ẹnìkejì rẹ̀ mú kódà níbi tí kókó kan tàbí méjì péré ti pàdé.

Ìṣirò náà tún kún ọ̀rọ̀ yìí. Bíríkì méjì tí àwọ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kókó mẹ́jọ, lè so pọ̀ ní ọ̀nà 24. Bí wọ́n bá di mẹ́ta, ọ̀nà náà di 1,060. Bí wọ́n bá di mẹ́fà, àwọn onímọ̀ ìṣirò Yunifásítì Copenhagen ti fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀ pé ó jẹ́ 915,103,765. Ẹ̀dá tí ó lè jáde láti inú ẹ̀kúnwọ́ bíríkì ju èyí tí ènìyàn kan lè tò tán ní ọjọ́ ayé rẹ̀ lọ.

Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò tètè yà sí ọ̀nà yìí. Ní ọdún 1993, nígbà tí wọ́n gbé àwọn ohun ìṣeré kan tí ó jẹ mọ́ dírágónì àti àwọn jagunjagun ayé àtijọ́ jáde, ẹ̀yà ara tí wọ́n dìídì dà fún dírágónì náà ni wọ́n fi ṣe é. Orí rẹ̀ jẹ́ orí, ìyẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìyẹ́. Ọmọ kò lè sọ ọ́ di ẹ̀dá mìíràn. Ní ọdún 2006, wọ́n ta páálí kan tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Mythical Creatures, ìyẹn àwọn abàmì ẹ̀dá inú ìtàn. Bíríkì ni ó wà nínú páálí yìí. Ọmọ lè tò ó di dírágónì, kí ó tú u, kí ó sì tún fi bíríkì kan náà to abàmì ẹ̀dá mìíràn. Èyí ni ó sún mọ́ ọgbọ́n káfíńtà tí ó la yó-yò sí méjì tí ó sì fi ṣe táyà: pé ohun kan kò gbọdọ̀ kú sínú ìrísí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi bíríkì to ejò òkun ńlá kan sínú omi tí ó wà níwájú ìsọ̀ LEGO tí ó wà ní ọgbà Disney, orí rẹ̀ yọ síta, ẹ̀yìn rẹ̀ sì yọ ní ìsọ̀rí ìsọ̀rí bí ẹni pé ó ń lúwẹ̀ẹ́.

Ẹni tí ó bá ti wo àwọn ọmọdé ilẹ̀ Yorùbá bí wọ́n ṣe ń fi amọ̀ mọ ẹran àti ènìyàn lẹ́yìn òjò yóò rí i pé ọgbọ́n kan náà ni. Amọ̀ kò ní ìrísí tirẹ̀, ìdí nìyí tí ó fi lè gba gbogbo ìrísí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé bíríkì ní òfin: kókó gbọ́dọ̀ bá ihò pàdé. Ọmọ tí ó bá fẹ́ ìyẹ́ dírágónì tí kì í já gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka kókó, kí ó wo ìwúwo, kí ó sì tún un ṣe nígbà tí ó bá já. Ìtàn ni ó ń tẹ̀lé, ṣùgbọ́n ìṣirò àti sùúrù ni ó ń kọ́.

Ìkádìí

Ìgbésí ayé Ole Kirk Christiansen kò kún fún ìṣẹ́gun tí ó rọrùn. Lẹ́ẹ̀mejì ni iná lé e sí ìta, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin aya rẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ kò dá a lójú pé iṣẹ́ rẹ̀ wúlò, bíríkì tí ó fi orúkọ sílẹ̀ sì gba èrò lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ pátápátá ni ìwà tí kò jẹ́ kí ó dín fáníìṣì pẹ́pẹ́yẹ kù, àti ìgboyà tí ó fi ra ẹ̀rọ ike nígbà tí igi ṣì ń mú owó wá. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọmọ tí ó kùn pẹ́pẹ́yẹ ní òru ni ó mú bíríkì náà dé ibi tí ó dé.

Ìbéèrè tí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ bi í nígbà ọ̀dá owó ṣì ń dún ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Olùkọ́ tí ó bá rí ọmọ tí ó ń to ẹranko tí kò sí láyé lè rò pé ọmọ náà ń fi àkókò ṣòfò, pé ohun tí ó wúlò jù wà nínú ìwé. Káfíńtà Billund ti fi ọdún 26 dáhùn ìbéèrè náà, láti ọdún 1932 títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Eré ọmọdé jẹ́ iṣẹ́ tí ó tó iṣẹ́ lójú rẹ̀, ó sì fi fáníìṣì ìgbà mẹ́ta kùn ún.